Snare ń ké "wóóó" lẹ́yìn gbogbo lílù: bí ẹ ṣe máa fi EQ mú ìró yẹn láì pa snare fúnra ẹ̀

Fáìlì kan dé ọwọ́ mi lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Sunday kan, track mẹ́rìnlélógún látinú míkísà ṣọ́ọ̀ṣì, kí n bá wọn mix ẹ̀. Kíbọ́ọ̀dìsì ti kọ́kọ́ pè mí lórí fóònù, ó ní, "Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbọ́ kíbọ́ọ̀dù mi dáadáa o, ó dà bíi pé mo ṣi nǹkan tẹ̀ nínú orin ìyìn yẹn, nǹkan kan ń dún tí ò bá key mu rárá." Mo gbọ́ ọ títí, mo pa kíbọ́ọ̀dù, nǹkan yẹn ṣì wà. Mo pa bass, ó ṣì wà. Ìgbà tí mo pa snare (ìlù pẹlẹbẹ tó ń dún "pá" láàárín àwọn ìlù drọ́mà) ló tó dákẹ́. Orin wà ní key A, snare onírin wọn dẹ̀ ń ké B flat, wóóó, wóóó, gbogbo ìgbà tí drọ́mà bá ti lù ú, ìyẹn àárín dó àti re gangan, ibi tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ gbọ́ nǹkan kan. Ọmọ ọlọ́mọ ti fẹ́ máa bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ tí ò ṣẹ̀.

Irú snare bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, èyí tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ tán, tí ò sí bí a ṣe fẹ́ padà lọ tún un lù. Mo máa lo àwọn nọ́ńbà snare ọjọ́ yẹn kí ẹ lè rí bó ṣe ń lọ, ṣùgbọ́n tiyín máa yàtọ̀ o, ẹ má da tèmi kọ. Àwọn kan wà tí wọ́n ti ní nọ́ńbà tí wọ́n há sórí, gbogbo snare tó bá ti wọlé wọ́n á fi EQ (ohun tó ń gbé apá kan ohùn sókè tàbí sọ ọ́ kalẹ̀) gé 500 Hz (ìgbọ̀n ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan) kúrò lára ẹ̀, wọn ò tíì gbọ́ ọ o, wọ́n ti gé e. Ìyẹn dà bí kí wọ́n máa fún ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn ní oògùn ojú.

Kí ló tiẹ̀ ń ké?

Awọ snare (ike ni báyìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣì máa pè é ní awọ) kì í gbọ̀n lọ́nà kan ṣoṣo. Tí igi bá ti bà á, gbogbo ojú ẹ̀ á lọ sókè sódò pa pọ̀, ìyẹn ni ohùn ìsàlẹ̀ tó fún snare lára, ó sábà máa ń wà láàárín 150 sí 250 Hz. Lẹ́ẹ̀kan náà, apá kan ojú ẹ̀ tún ń lọ sókè bí apá kejì ṣe ń lọ sódò, ibòmíì tún pín sí mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan dẹ̀ ní ohùn tiẹ̀. Lórí okùn gìtá, àwọn ohùn òkè wọ̀nyí máa ń jẹ́ ìlọ́po méjì, mẹ́ta, mẹ́rin ti ìsàlẹ̀, wọ́n bára wọn tan, ìdí nìyẹn tí etí fi ń gbọ́ wọn bí ohùn kan. Awọ róbótó ò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìṣirò, ohùn tó tẹ̀lé ìsàlẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 1.59, òmíràn 2.14, òmíràn 2.30. Snare gidi ní ojú méjì, atẹ́gùn dẹ̀ wà láàárín wọn, torí náà àwọn nọ́ńbà yẹn máa yẹ̀ síbí yẹ̀ sọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ibi tí mò ń lọ ni pé wọn kì í bára wọn tan. Èyí tó bá pẹ́ jù nínú wọn kó tó kú, òun lẹ ń gbọ́ tó ń ké, ó dẹ̀ máa ń wà láàárín 300 sí 1000 Hz lọ́pọ̀ ìgbà.

Ibi tí drọ́mà fi igi bà ṣe pàtàkì. Tó bá lù ú ní àárín gbùngbùn, àwọn ohùn tó pín ojú ìlù sí méjì ò ní jí dáadáa, torí ìlà tí ò kì í gbọ̀n nínú wọn gba àárín yẹn kọjá. Tó bá wá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo wọn á jí dìde. Ìdí nìyẹn tí snare kan náà, drọ́mà kan náà, lílù yìí á ké, èyí tó tẹ̀lé e ò ní ké. Ẹ fi pamọ́ sọ́kàn, a máa padà síbẹ̀.

Àwọn onílù bàtá dẹ̀ ti mọ ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́tipẹ́. Ìda dúdú yẹn tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ojú òjò ìyáàlù, iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn, ó ń wúwo lórí awọ kí ìró má bàa máa fà káàkiri, kí ohùn ìlù lè dúró sójú kan. Àwọn onílù bàtá ní Cuba náà ṣì ń fi sórí ìyá tiwọn. Àwa tí a ò fi ìda sí i lọ́jọ́ tí wọ́n ń lù ú la wá jókòó ti kọ̀ǹpútà lóru.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ nínú orin

Ó máa ń wu èèyàn láti tẹ solo, kó máa gbọ́ snare nìkan. Ẹ má ṣe é o, ó kéré tán ẹ má fi bẹ̀rẹ̀. Snare tí ẹ bá ń gbọ́ nìkan, gbogbo ẹ̀ ló ń ké. Ẹ jẹ́ kí gìtá, kíbọ́ọ̀dù àti àwọn akọrin máa lọ, kí ẹ wá bi ara yín bóyá ìró yẹn ṣì ń dà yín láàmú. Ọ̀pọ̀ ìgbà gìtá á ti bò ó, ìwọ̀nba tó dẹ̀ yọ yẹn ló ń jẹ́ kó dà bíi pé èèyàn ló ń lu snare, pé kì í ṣe ẹ̀rọ. Orin míì tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé snare tó fún gan, tó ń ké díẹ̀, ni adùn ẹ̀. Ká ní key B flat ni orin tèmi yẹn wà ni, bóyá mi ò bá má fọwọ́ kàn án rárá, á kàn máa bá wọn kọrin lọ ni.

Ẹ tún ri dájú pé snare ni. Tí ìró yẹn bá ń lọ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò lu nǹkan kan, iná mànàmáná ni, ẹ wo 50, 100, 150 Hz, iṣẹ́ tiẹ̀ yàtọ̀. Tó bá ń pọ̀ sí i dípò kó máa kú lọ, feedback ni, sípíkà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ drọ́mà ló ń wọ máìkì. Tó bá wúwo, tó wà nísàlẹ̀ níbi 90 tàbí 120 Hz, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ tom (ìlù tó jinlẹ̀ jù snare lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀) ló ń bá snare dáhùn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lù ú. Ẹ mute track tom, kí ẹ gbọ́.

Ẹ tẹ́ ibi iṣẹ́ sílẹ̀

Tí máìkì bá wà lókè snare tí òmíràn wà nísàlẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yí polarity ti ìsàlẹ̀ (bọ́tìnnì tó ń dojú ìgbì ohùn dé) wò. Ẹ gbọ́ ọ lápá méjèèjì, èyí tí snare bá ti ní ara jù ni kí ẹ fi sílẹ̀. Èyí kì í ṣe àfikún o, torí tí polarity bá lòdì, ara snare á tín-ín-rín, ohùn ìsàlẹ̀ á sá lọ, ring (wóóó yẹn) tó kù á wá dà bíi pé ó pọ̀, ẹ̀yin á dẹ̀ máa gé ohun tí ò ṣẹ̀ yín. Lẹ́yìn náà ẹ kó méjèèjì lọ sínú bus kan (ọ̀nà kan ṣoṣo tí track púpọ̀ ń gbà kọjá), kí EQ wà lórí bus yẹn, kó lè jẹ́ nǹkan kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ pa compressor (tó ń tẹ ohùn tó le mọ́lẹ̀), ẹ pa reverb (tó ń fi ìró yàrá kún un), ẹ pa gbogbo nǹkan tó ti wà lórí ẹ̀. Kí ẹ wá wá ibi tí drọ́mà ti lu snare tí àyè dẹ̀ wà lẹ́yìn ẹ̀, ibi tí hi-hat (símbà méjì tó ń pàdé) ò ti pariwo, nǹkan bíi lílù mẹ́rin sí mẹ́jọ, àwọn tó le àti àwọn tó rọ̀, ẹ gé wọn jọ kí ẹ fi sórí loop. Tí orin yẹn bá kún jù tí ẹ ò rí irú àyè bẹ́ẹ̀, ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì, ìgbà tí wọ́n ń ṣe soundcheck. Àwọn drọ́mà kì í lè jókòó ti snare kí wọ́n má lù ú, wúrà ni ibẹ̀ yẹn.

Wíwá a: ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà

Lílù kọ̀ọ̀kan ní orí, ó ní ìrù. Orí ni "pá" yẹn, ariwo lásán ló kún ibẹ̀, gbogbo frequency ló wà níbẹ̀ pa pọ̀. Ìrù ni ohun tó kù lẹ́yìn tí igi ti kúrò. Inú ìrù ni ring ń gbé, torí náà ìrù ni kí ẹ máa gbọ́, kí ẹ tiẹ̀ díbọ́n bíi pé ẹ ò gbọ́ orí rárá.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù ò gba plugin kankan. Ẹ fi ẹnu kùn ún. Bí snare ṣe ń lọ "pá-wóóó," ẹ bá a ké wóóó yẹn, ẹ pa orin, ẹ má dákẹ́, kí ẹ wá ohùn yẹn lórí kíbọ́ọ̀dù. Àwa tí à ń sọ Yorùbá, etí wa ti mọ́ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ láti kékeré, ẹni tó mọ ìyàtọ̀ ọkọ́ àti ọkọ̀ ò ní sọ pé òun ò lè mú ohùn snare. Tí ẹ bá ti rí i lórí kíbọ́ọ̀dù, ẹ ti ní nọ́ńbà: C àárín jẹ́ 262 Hz, A tó wà lókè ẹ̀ 440, B flat 466, B 494, C tó tẹ̀lé e 523. Tèmi bọ́ sórí B flat, mo mọ̀ pé itòsí 466 ni mò ń lọ kí n tó ṣí EQ.

Lẹ́yìn náà kí ẹ fi ojú bá etí dọ́gba. Ẹ ṣí analyzer (àwòrán tó ń fi bí ohùn ṣe pọ̀ tó ní Hz kọ̀ọ̀kan hàn), ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbé FFT size ẹ̀ (nọ́ńbà tó ń sọ bí àwòrán yẹn ṣe ń pín ohùn wẹ́wẹ́ tó) sókè, torí tí ẹ bá fi sí 2048 lórí fáìlì 48 kHz, ojú kọ̀ọ̀kan ẹ̀ fẹ̀ tó 23 Hz, ìyẹn á fi ohùn méjì hàn yín bíi ọ̀kan. Tó bá jẹ́ 8192, á wá sí nǹkan bíi 6 Hz. Ẹ má wo òkè tó ga jù nígbà tí igi ṣẹ̀ṣẹ̀ bà á, ìyẹn á tàn yín jẹ. Ẹ máa wo bí gbogbo nǹkan ṣe ń wó lulẹ̀ lẹ́yìn lílù, ẹ wá wo ọ̀pá tóóró kan tí ò tètè wó, tó dúró bí òpó iná nígbà tí ilé yòókù ti wó. Òun nìyẹn. Lórí ti ọjọ́ yẹn, ọ̀pá kan dúró ní 467, kékeré kan tún wà ní 684. Ohùn ìsàlẹ̀ tó jẹ́ ara snare wà ní 198, ìyẹn náà pẹ́ díẹ̀ kó tó wó, ẹ má fọwọ́ kan tiẹ̀ o, tí ẹ bá gé e, ẹ ti gé snare nìyẹn.

Ó wá ku ọ̀nà tí gbogbo wọn ń kọ́ ara wọn, pé kí ẹ ṣí band EQ kan, kí ẹ jẹ́ kó tóóró, kí ẹ gbé e sókè 15 dB (dB ni ìwọ̀n bí ohùn ṣe pọ̀ tó), kí ẹ máa wọ́ ọ lọ síwá sẹ́yìn títí nǹkan á fi ké. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé gbogbo ibi lá máa ké. Kì í ṣe pé snare burú tó bẹ́ẹ̀, EQ tí ẹ gbé sókè tí ẹ dẹ̀ fún tóóró, òun fúnra ẹ̀ máa ń fa ìró gùn, bí ẹ bá ṣe gbé e sókè tó náà ni ìró tiẹ̀ ṣe máa pẹ́ tó. Ring EQ lẹ wá ń gbọ́, ẹ dẹ̀ ń dá snare lẹ́bi. Ibẹ̀ ni ẹlòmíì ti máa rí "ìṣòro" mẹ́jọ, á gé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, snare á wá dà bí ìgbà tí èèyàn ń lu páálí.

Tèmi, mo máa ń yí i padà ni. Dípò kí n gbé e sókè mo máa ń gé e jìn, 15 sí 18 dB, kí Q (bí ibi tí EQ ń gé ṣe tóóró tó, bó bá ṣe pọ̀ ló ṣe ń tóóró) wà ní bíi 10, kí n wá máa wọ́ ọ lọ díẹ̀díẹ̀ ní itòsí nọ́ńbà tí kíbọ́ọ̀dù àti analyzer ti fún mi, kí n má rìn jìnnà. Tí mo bá dé orí ẹ̀ gangan, wóóó yẹn á kàn kú, bí ẹni ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Tí mo bá yẹ̀ kúrò, á padà. Tó bá jẹ́ pé snare kàn tín-ín-rín tí ìrù ẹ̀ ò kúrú, ibi tí mo wà yẹn kì í ṣe ibẹ̀. Ẹni tí ò bá lè jáwọ́ nínú gbígbé sókè, kó kọ́kọ́ fa sípíkà wálẹ̀, kó má kọjá 6 dB, kó dẹ̀ tètè kúrò níbẹ̀, torí etí máa ń yára bàjẹ́ sí i.

Àmì kan tún wà tí mo gbẹ́kẹ̀ lé: ring gidi kì í fi bẹ́ẹ̀ yí ohùn padà bóyá drọ́mà lù ú jẹ́jẹ́ tàbí ó fi agbára lù ú, ó kàn lè pọ̀ tàbí kó kéré. Ohun tó bá ń sáré káàkiri láti lílù kan sí èkejì, hi-hat ni tàbí nǹkan míì.

Gígé e

Ẹ ti rí ibẹ̀, ẹ ti gé e jìn. Ẹ wá máa dá a padà sókè díẹ̀díẹ̀ nígbà tí gbogbo orin ń lọ, títí ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ring padà, kí ẹ wá sọ ọ́ kalẹ̀ bíi 1 dB. Ibẹ̀ lẹ máa dúró. Tèmi dúró ní -7 dB ní 467. Ẹnikẹ́ni tó bá fi sílẹ̀ ní -18 torí pé ó dùn mọ́ ọn nígbà tó ń gbọ́ snare nìkan, tó bá di ọjọ́ kejì á máa wá ibi tí snare ẹ̀ gbé lọ.

Ní ti fífẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Q 10, kí ẹ máa sún un lọ sí 20. Tí Q bá wà ní 4 tàbí 5, ẹ̀ ń gé ara snare mọ́ ọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo REAPER (sọ́fítíwíà ìgbohùn-sílẹ̀), ReaEQ, ìyẹn EQ inú ẹ̀, kì í sọ̀rọ̀ Q, octave (láti dó kan sí dó tó tẹ̀lé e) ló ń sọ, ẹ kàn fi Q pín 1.44: Q 10 jẹ́ nǹkan bíi 0.14 octave, Q 18 jẹ́ 0.08, Q 20 jẹ́ 0.07. Mo ti rí ẹni tó kọ 18 síbẹ̀ tó wá ń ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí snare òun kú.

Kí ló dé tí a ò wá kúkú jẹ́ kó tóóró bí abẹ́rẹ́, Q 60, kó má ba ohunkóhun jẹ́? Torí pé snare kì í dúró sójú kan. Drọ́mà ń lù ú láti ìgbà ìyìn dé ìgbà ìdúpẹ́, àwọn skúrù tó mú awọ ń tú díẹ̀díẹ̀. Nínú fáìlì tèmi yẹn, orin kìíní 467, nígbà tó fi máa di orin kẹta ring ti sọ̀ kalẹ̀ sí 458. Q 60 ní 467, fífẹ̀ ẹ̀ ò tó 8 Hz, 458 á kàn gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá ni, á máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Q 18 fẹ̀ tó 26 Hz, ó ṣì ń mú un. Síbẹ̀ mo pín fáìlì yẹn ní orin-orin, mo dẹ̀ tún frequency yẹn ṣe fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò, pàápàá tó bá jẹ́ ìsìn tó gùn.

Èyí tó wà ní 684, mo gé e ní 4 dB péré, lẹ́yìn tí èyí àkọ́kọ́ ti lọ. Ẹ máa gé wọn tẹ̀léra, ẹ má gé wọn pa pọ̀, torí ọ̀pọ̀ ìgbà tí ẹ bá ti mú èyí tó burú jù, àwọn yòókù ò ní dà yín láàmú mọ́. Méjì, mẹ́ta, ó tó. Tí ẹ bá ti dé mẹ́fà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ EQ mọ́ nìyẹn.

"Mo gé e, ó ṣì ń ké!"

Ẹ mute snare kí ẹ gbọ́ àwọn máìkì tó wà lókè símbà. Wóóó wà níbẹ̀ àbí kò sí? Àwọn máìkì yẹn ò mọ̀ pé símbà nìkan ni wọ́n ní kí wọ́n gbọ́, gbogbo drọ́mù ni wọ́n ń gbọ́, snare dẹ̀ ni ohun tó pariwo jù níwájú wọn lẹ́yìn símbà. Kódà nínú ṣọ́ọ̀ṣì tó kéré, tí ògiri wà nítòsí, mo ti gbọ́ ring snare nínú máìkì akọrin. Torí náà ẹ gbé EQ kan náà lọ sórí bus símbà, ní 467 kan náà, ṣùgbọ́n kó rọra, 3 dB, ó pọ̀ jù 4. Símbà ò ní mọ̀, torí iṣẹ́ tiwọn wà lókè lọ́hùn-ún. Ẹ má gbé e lọ sórí gbogbo orin o, mo ti rí ẹni tó gé e lórí master (ibi tí gbogbo track ti ń pàdé), ó wá ń béèrè ìdí tí ohùn obìnrin tó ń lead fi tín-ín-rín.

Ibi tí EQ yẹn máa dúró sí

Kó wà ṣáájú compressor. Compressor ń tẹ orí lílù mọ́lẹ̀, tó bá wá tú u sílẹ̀, ìrù á gbéra, ring dẹ̀ ló kún inú ìrù. Snare tí ring ẹ̀ ò pọ̀ tẹ́lẹ̀, tí ẹ bá fi compressor tí release ẹ̀ yá lù ú mọ́lẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ohun kan náà ni reverb, ohùn yòówù tó bá wọ inú ẹ̀, á fà á gùn ni, ẹ jẹ́ kí snare tí ẹ ti gé ni kó wọ ibẹ̀.

Tí ó bá jẹ́ pé lílù kan ń ké, èkejì ò ké

Mo ní a máa padà síbẹ̀. Drọ́mà tí ọwọ́ ẹ̀ ń rìn kiri lórí awọ, lílù kan á bọ́ sí àárín, èkejì á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn lílù wẹ́wẹ́ tó ń rọra ta láàárín ò dẹ̀ ní ké rárá. Tí ẹ bá gé 7 dB lára gbogbo wọn, àwọn tí ò ṣẹ̀ náà ń jìyà. Dynamic EQ lẹ nílò níbẹ̀, EQ tó jẹ́ pé ìgbà tí ohùn yẹn bá pọ̀ kọjá ibi kan ló tó máa gé. TDR Nova wà, ọ̀fẹ́ ni, òun ni mo lò títí mo fi lówó ra òmíràn, mo dẹ̀ ṣì máa ń padà sí i.

Ẹ gbé band kan lọ sórí 467, Q bíi 10 tó, kí ẹ sọ threshold (ibi kan yẹn) kalẹ̀ títí á fi máa mú àwọn lílù tó ń ké nìkan, kí àwọn wẹ́wẹ́ kọjá láì fọwọ́ kàn wọ́n. Attack kó wà ní bíi 10 sí 20 millisecond kí "pá" ti kọjá kó tó dé, release bíi 150 sí 200 kó lè dúró ti ìrù títí tó fi máa kú. Tí release bá kúrú jù, á sá kúrò nígbà tí ring ṣì wà nílé, ẹ máa gbọ́ tó máa fò padà wọlé, ìyẹn tiẹ̀ burú ju kí ẹ fi sílẹ̀ lọ. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé gbogbo lílù ló ń ké bákan náà, ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà, EQ lásán ti tó.

Ẹ dán an wò bí ọ̀tá

Tí ẹ bá gé nǹkan, ohùn á lọ sílẹ̀ díẹ̀, etí dẹ̀ máa ń ṣe ojúsàájú sí ohun tó bá pariwo jù. Torí náà ẹ fi gain EQ yẹn dá ohun tó sọnù padà, kí "tẹ́lẹ̀" àti "báyìí" dọ́gba. Kí ẹ wá gbé mouse sórí bypass (bọ́tìnnì tó ń pa EQ, tó dẹ̀ ń tàn án padà), ẹ di ojú, ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà títí tí ẹ̀yin fúnra yín ò fi mọ èyí tó wà lórí ẹ̀ mọ́, kí ẹ sọ èyí tó dáa kí ẹ tó la ojú. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, èyí tí mi ò gé ni mo yàn. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ mo tún un ṣe.

Ẹ gbọ́ ọ kó rọlẹ̀ gan, bíi ìgbà tí ọmọ ń sùn. Ẹ gbọ́ ọ lórí fóònù, torí sípíkà fóònù ò ní ìsàlẹ̀, àárín ló fi ń ṣayé, ibi tí ring wà náà nìyẹn, tí nǹkan kan bá ṣẹ́ kù ẹ máa gbọ́ ọ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ fi orin sílẹ̀ kí ẹ lọ jẹun.

Tí EQ ò bá ká a

Ring míì wà tó gùn débi pé EQ ò lè nìkan mú un. Ẹ lè fi expander ràn án lọ́wọ́ lẹ́yìn EQ, kó máa rẹ ìrù sílẹ̀ ní 6 sí 10 dB, mi ò fẹ́ràn gate tó ń ti ilẹ̀kùn pátápátá nínú fáìlì ìsìn torí hi-hat á máa wọlé á máa jáde pẹ̀lú ẹ̀. Transient shaper náà wà, ẹ fa sustain ẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Tí gbogbo ẹ̀ bá kọ̀, ẹ wá lílù kan tó dáa nínú fáìlì yẹn fúnra ẹ̀, kí ẹ fi dí àwọn tó burú jù. Snare kan náà ni, yàrá kan náà ni, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀.

Fún ọjọ́ Sunday tó ń bọ̀, ẹ bá drọ́mà sọ̀rọ̀, ẹ má bá a jà. Kó fi igi ta etí awọ jẹ́jẹ́, bíi ìwọ̀n ìka kan sí irin, níwájú skúrù kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo wọn dún bákan náà, torí ibi tí ọ̀kan bá ti tú ju èkejì lọ ni igbe ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà tíṣù tí wọ́n ká kékeré pẹ̀lú sẹ́lótéèpù létí awọ, tàbí Moongel (jẹ́lì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ) tó bá ní. Wọ́ọ́lẹ̀ẹ̀tì náà ń ṣe é, mo mọ drọ́mà kan tó jẹ́ pé wọ́ọ́lẹ̀ẹ̀tì ẹ̀ ò kì í kúrò lórí snare àfi ìgbà ọrẹ.

Lọ́jọ́ tèmi, mo pe kíbọ́ọ̀dìsì yẹn padà, mo ní kò sí nǹkan tó ṣe kíbọ́ọ̀dù ẹ̀. Mo dẹ̀ kọ 467 àti 684 sórí sẹ́lótéèpù kan, mo ní kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpótí snare, kí ẹni tó bá fẹ́ gba ìsìn tó ń bọ̀ sílẹ̀ mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀. Drọ́mà ní òun ti pààrọ̀ awọ ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Nọ́ńbà tuntun nìyẹn, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí kíbọ́ọ̀dù.